Iléèwé àwọn ọmọ mi gba C: ṣé ká kó kúrò ládùúgbò ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston la ń gbé. Àwọn ìbejì mi wà ní kíláàsì kẹrin ní iléèwé ìjọba tó wà ládùúgbò wa, Ìdòwú ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kindergarten níbẹ̀. Lóṣù August 2025 ni mo rí i pé ìpínlẹ̀ Texas fún iléèwé náà ní C. B ni wọ́n ní lọ́dún 2022. Ọ̀rẹ́ wa kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ká kó lọ sí àdúgbò tí iléèwé ibẹ̀ gba A, ṣùgbọ́n owó ilé ibẹ̀ fi dọ́là 450 ju tiwa lọ lóṣù. Bàbá wọn ní ká jókòó síbi tí a wà. Nínú STAAR, ìdánwò ìpínlẹ̀ Texas, tí wọ́n ṣe ní kíláàsì kẹta, Kẹ́hìndé ṣe dáadáa gan-an, ṣùgbọ́n Táíwò kò yege ìṣirò. Kí ni C yìí ń sọ gan-an? Báwo ni wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀? Ṣé ká kó ni? Èmi ni Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ òbí, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo fì sí, kí ọkàn yín lè balẹ̀ láti ka ìyókù: ẹ má tíì kó. Àwọn nọ́ńbà kan wà lábẹ́ lẹ́tà yẹn tí ẹ gbọ́dọ̀ wò ná, bí wọ́n bá sì burú, èmi náà á ní kí ẹ máa wá ilé. Ó ti tó ọdún 19 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní Texas. Mo fi mẹ́jọ kọ́ ọmọ ní ìṣirò, mo fi ìyókù jókòó sí ọ́fíìsì tí a ti ń tú èsì ìdánwò wò. Mo ti rí àwọn ará wa tó tọrùn bọ gbèsè ilé nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo, tí ọmọ wọn dé ibẹ̀ tí kò sì tẹ̀síwájú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ dá yín lóhùn ní kíkún.

Texas Education Agency tó wà ní Austin, TEA tí gbogbo wa mọ̀, ló ń fún wọn ní lẹ́tà. Òfin tí àwọn aṣòfin Texas ṣe lọ́dún 2017, tí wọ́n ń pè ní House Bill 22, ló ní kí wọ́n máa fún iléèwé ìjọba kọ̀ọ̀kan, àti ISD (Independent School District, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléèwé ìjọba agbègbè kan), ní A títí dé F. Àwọn ISD ló kọ́kọ́ gba tiwọn ní August 2018, ó wá kan àwọn iléèwé ní August 2019. Àwọn iléèwé charter, tí ìjọba ń náwó sí ṣùgbọ́n tí ISD kì í darí, wà nínú ẹ̀. Iléèwé aládàáni kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní iléèwé ṣọ́ọ̀ṣì òun dára ju ti ìjọba tó gba C lọ, ẹ bi í pé òṣùwọ̀n wo ló fi wọ̀n ọ́n. Máàkì 90 sókè ni A, 80 sí 89 ni B, 70 sí 79 ni C, 60 sí 69 ni D, èyí tó bá wà lábẹ́ 60 ni F.

Ìdánwò STAAR ni èyí tó pọ̀ jù lára máàkì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dúró lé. Láti kíláàsì kẹta dé ìkẹjọ ni wọ́n ń ṣe ti ìwé kíkà àti ti ìṣirò. Sáyẹ́ǹsì wà ní ìkarùn-ún àti ìkẹjọ, ìtàn àti ẹ̀kọ́ àwùjọ wà ní ìkẹjọ. Ẹ rí i báyìí pé Ìdòwú kò sí nínú C yẹn. Ọmọ pre-K kì í ṣe STAAR, ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkejì kì í ṣe é. Níbi tí iléèwé bá ti parí sí kíláàsì karùn-ún, kíláàsì mẹ́ta péré ló ń ru orúkọ gbogbo ilé. Ọmọ tó bá sì dé lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ́ tó kẹ́yìn oṣù October, wọn kì í ka èsì rẹ̀ mọ́ iléèwé náà, torí wọ́n gbà pé ẹlòmíràn ló kọ́ ọ fún apá tó pọ̀ lára ọdún.

Nílé, WAEC la fi ń mọ iléèwé tó dáa: mélòó nínú àwọn ọmọ ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú ẹ̀? Òṣùwọ̀n kan péré nìyẹn, ó sì máa ń tan èèyàn. Iléèwé tó bá ti fi ìdánwò ìwọlé ṣa àwọn olórí pípé mú láti JSS1 kò nílò kó kọ́ni púpọ̀ kí èsì ẹ̀ tó dùn-ún wò. Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni Texas gbé kalẹ̀ láti yẹra fún ìyẹn.

Èkíní jọ ti WAEC. Orúkọ tí ẹ máa rí lórí ìwé ni Student Achievement. STAAR ní ìpele mẹ́rin: Did Not Meet ni ọmọ tí kò yege, Approaches ni ẹni tó yege ṣùgbọ́n tó ṣì nílò ìrànlọ́wọ́, Meets ni ẹni tó mọ iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀, Masters ni ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú. Ká ní ìwé ìdánwò 100 ni iléèwé kan ní, tí 68 dé Approaches tàbí kọjá bẹ́ẹ̀, tí 41 dé Meets tàbí kọjá bẹ́ẹ̀, tí 17 dé Masters. Wọ́n á ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó di 126, wọ́n á pín in sí mẹ́ta, ó di 42. Ìyẹn ni pé ọmọ bíi Kẹ́hìndé, tó bá dé Masters, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kà á. Táíwò tí kò yege, òdo ló mú wá. 42 yìí kì í ṣe F o. Tábìlì kan wà tí TEA fi ń sọ ọ́ di máàkì lórí 100.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà yìí máa ń tẹ̀ lé àpò àwọn òbí. Iléèwé tí àwọn ọmọ dókítà àti ọmọ ẹnjiníà kún inú ẹ̀ yóò ní Student Achievement tó ga, bóyá olùkọ́ wọn múra sí iṣẹ́ tàbí kò múra. Òun sì ni ejẹ́ńtì ilé máa ń tà fún yín, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Òṣùwọ̀n kejì ni School Progress, òun ni mo nífẹ̀ẹ́ sí jù. Ẹ̀ka méjì ló ní, èyí tó bá ga jù nínú méjèèjì ni wọ́n máa lò. Ẹ̀ka àkọ́kọ́, Academic Growth, ń bi ìbéèrè kan: ibo ni ọmọ yìí wà lọ́dún tó kọjá, ibo ló dé lọ́dún yìí? Wọ́n pín Did Not Meet sí ìsàlẹ̀ àti òkè, wọ́n pín Approaches náà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè rí ọmọ tó rìn díẹ̀. Ọmọ tó bá gun àtẹ̀gùn kan mú àmì kan wá fún iléèwé. Ọmọ tó wà ní Meets tàbí Masters tí kò já bọ́ mú àmì kan wá. Àwọn tó dúró lójú kan láàárín àtẹ̀gùn mú ìdajì wá. Ẹni tó já wálẹ̀, tàbí tó jókòó sí ìsàlẹ̀ pátápátá bó ṣe wà lọ́dún tó kọjá, òdo ni. Láti 2023, wọ́n tún ń fi èènì kún un fún ọmọ tó kùnà lọ́dún tó kọjá tó wá yege. Àwọn ìbejì yín kò tíì sí nínú nọ́ńbà yìí, torí ọmọ kíláàsì kẹta kò ní èsì ọdún tó ṣáájú. Ìdánwò tí wọ́n máa ṣe ní 2026 ni yóò kọ́kọ́ fi wọ́n síbẹ̀.

Ẹ̀ka kejì, Relative Performance, ń fi iléèwé wé àwọn iléèwé tí iye ọmọ tálákà wọn jọra. Mo máa padà sórí èyí, nítorí fọ́ọ̀mù kan wà tó kàn yín níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Closing the Gaps: wọ́n á tú àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n á wo bóyá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dé ibi tí wọ́n ní kó dé.

Láti pa wọ́n pọ̀, wọ́n á mú èyí tó ga jù nínú Student Achievement àti School Progress, ìyẹn á ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún; Closing the Gaps á ní ìdá 30. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò iléèwé méjì tí mo fọwọ́ ara mi dá sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Àkọ́kọ́ ní Student Achievement 71, Academic Growth 84, Relative Performance 78, Closing the Gaps 66. Wọ́n á mú 84, ìdá 70 rẹ̀ jẹ́ 58.8, ìdá 30 nínú 66 jẹ́ 19.8, àpapọ̀ ẹ̀ 78.6, ó di 79. C nìyẹn. Ìkejì ní Student Achievement 93, Academic Growth 68, Relative Performance 74, Closing the Gaps 83. Wọ́n á mú 93, ìdá 70 rẹ̀ jẹ́ 65.1, ìdá 30 nínú 83 jẹ́ 24.9, àpapọ̀ ẹ̀ 90. A nìyẹn.

Ẹ tún un wò, ìyá wa. Iléèwé tó gba A yẹn, D ni ìlọsíwájú àwọn ọmọ inú ẹ̀ tó bá jẹ́ pé òun nìkan la wọ̀n. Ibi gíga ni ọ̀pọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀, iléèwé náà sì ń jẹ́ kí wọ́n máa rọra sọ̀ kalẹ̀. Iléèwé tó gba C ń gbé ọmọ dìde láti ilẹ̀. Táíwò tí kò yege ìṣirò, èwo nínú méjèèjì ni ẹ máa fà á lé lọ́wọ́? Èmi mọ èyí tí màá fa tèmi lé lọ́wọ́. Gbogbo iléèwé C kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o, gbogbo iléèwé A kọ́ ló sì rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà nìkan kò lè sọ èyí tí tiyín jẹ́ fún yín, nọ́ńbà mẹ́rin abẹ́ rẹ̀ ló lè sọ ọ́. TEA fúnra rẹ̀ mọ̀ pé lílo èyí tó ga jù lè fi àìdáa pamọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi òfin kan kún un: bí mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn, tí Student Achievement wà lára wọn, bá wà lábẹ́ 70, iléèwé kò lè gbà ju 69 lọ, bó ti wù kí ẹ̀kẹrin ga tó.

Ní ti B tó di C, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2020 àti 2021, wọn kò fún iléèwé kankan ní lẹ́tà nítorí Kòrónà. Ti 2022 jáde. Lọ́dún 2023, TEA yí òṣùwọ̀n padà, wọ́n sì jẹ́ kó le sí i. Èyí tó dun àwọn ISD jù ni ti high school: tẹ́lẹ̀, bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jáde bá ti gbára dì fún yunifásítì, iṣẹ́ tàbí ológun, A ni fún apá yẹn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n gbé e dé 88. Èsì àwọn ọmọ tó ti jáde ní 2022 sì ni wọ́n fẹ́ fi wọ̀n ọ́n. ISD tó lé ní 100 gba kóòtù lọ, wọ́n ní ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ ti kàwé tán ni wọ́n yí òṣùwọ̀n padà. Adájọ́ dá a dúró. Ti 2024 náà tún bọ́ sọ́wọ́ kóòtù. Nígbà tí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fàyè gbà á, ti 2023 jáde ní April 2025, ti 2024 àti 2025 sì jáde pọ̀ ní August 15, 2025. Nítorí náà, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọn 2022 kọ́ ni wọ́n fi wọn 2025. Ó dà bí ẹni tó fi kóńgò ìyálọ́jà kan wọn gàrí, tó délé tó fi kóńgò tó tóbi ju ìyẹn lọ tún un wọ̀n: gàrí lè má dín, kí kóńgò yàtọ̀. TEA tún 2022 ṣírò pẹ̀lú òṣùwọ̀n tuntun, ó sì pè é ní What If. Ìyẹn ni kí ẹ wá jáde, kí ẹ fi wé C yìí, kí ẹ tó sọ pé iléèwé náà bà jẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ lè rò pé mò ń bu ẹnu àtẹ́ lu ètò náà. Rárá o. Ọdún 1993 ni òfin ìjíhìn yìí wọ Texas. Lọ́dún 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ pín iléèwé sí Exemplary, Recognized, Acceptable àti Low-performing. TAAS ni ìdánwò ìgbà náà, TAKS rọ́pò rẹ̀ ní 2003, STAAR dé ní 2012. Ohun ńlá tó ṣe ni pé ó fi agbára mú iléèwé láti gbé èsì àwọn ọmọ dúdú, ti àwọn ọmọ Hispanic, ti àwọn funfun àti ti àwọn tálákà jáde ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, iléèwé lè gbé ìpíndọ́gba tó dán jáde, kí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú inú ẹ̀ má mọ ìwé kà, kí ẹnikẹ́ni má bi wọ́n léèrè. Nígbà tí George W. Bush ti ipò gómìnà Texas di ààrẹ, ó gbé èrò náà lọ sí Washington. Òfin No Child Left Behind tó fọwọ́ sí ní January 2002 ti inú rẹ̀ wá, èyí tí Every Student Succeeds Act rọ́pò ní December 2015. Mo máa ń bínú nígbà tí àwọn èèyàn bá ní ká pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ọmọ tiwa ló máa kọ́kọ́ pòórá.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ àti orúkọ olùkọ́ bá ti so mọ́ nọ́ńbà, wọ́n á máa wá ọ̀nà tí nọ́ńbà á fi dára. Ẹni tó bá gbọ́ nípa miracle centre nílé kò nílò àlàyé púpọ̀. Ní El Paso, àwọn aláṣẹ ISD ibẹ̀ ń fo àwọn ọmọ tí wọ́n rò pé á kùnà kọjá kíláàsì kẹwàá, tàbí kí wọ́n dá wọn padà sí ìkẹsàn-án, kí wọ́n má baà wà níjòókòó lọ́jọ́ ìdánwò. Wọ́n lé àwọn kan kúrò pátápátá. Àwọn ará ìlú ń pè wọ́n ní los desaparecidos, àwọn tó di àwátì. Ọ̀gá àgbà ISD náà gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àbọ̀ ní 2012. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn mi.

Èyí tí kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ló tún burú jù, nítorí kò sí ẹni tó ń mú un. Lọ́dún kẹta mi nínú kíláàsì, iléèwé tí mo wà, n kò ní dárúkọ ẹ̀, ní kí á fi àwọ̀ mẹ́ta sàmì sí orúkọ àwọn ọmọ. Àwọ̀ ewé ni àwọn tó máa yege dájú. Ìyeyè ni àwọn tó wà létí ìlà, tí ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta lè sọ wọ́n di ẹni tó yege. Pupa ni àwọn tó jìnnà. Wọ́n ní àwọn ìyeyè nìkan ni kí n máa kó jọ fún ẹ̀kọ́ àfikún, kí àwọn pupa jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọmọ mẹ́rin ló jẹ́ pupa nínú kíláàsì mi. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo ló máa kan àwọn. N kò rí èsì fún un. Mo gbọ́ràn sí ọ̀gá mi lẹ́nu lọ́dún yẹn, mo sì kábàámọ̀ ẹ̀ títí di òní. Nígbà tí wọ́n wá fi ìlọsíwájú kún ìṣirò, tí wọ́n pín Did Not Meet sí ìsàlẹ̀ àti òkè, tí ọmọ tó kúrò ní ìsàlẹ̀ pátápátá náà wá ń mú àmì wá, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n ṣe é fún. Iléèwé tó bá pa àwọn pupa tì báyìí yóò rí i nínú Academic Growth rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe tẹnu mọ́ nọ́ńbà yẹn fún yín nítorí Táíwò.

Houston tí ẹ wà yìí náà mọ bí lẹ́tà ṣe lágbára tó. Òfin 2015, House Bill 1842, sọ pé bí iléèwé kan ṣoṣo bá kùnà lọ́dún márùn-ún léraléra, kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ Texas, ọ̀gá àgbà TEA, gbọ́dọ̀ ti iléèwé náà pa tàbí kó gba àkóso gbogbo ISD lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí àwọn ará ìlú dìbò yàn. Wheatley High School ló fà á. Lẹ́yìn ẹjọ́ ọdún púpọ̀, ní June 2023, TEA gba Houston ISD, tó tóbi jù ní Texas, ó sì yan ìgbìmọ̀ àti ọ̀gá tuntun. C kò gbé yín dé ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Ó ku ibi tí ọmọ Yorùbá wà nínú ìwé yìí. Kò sí ìlà tí wọ́n kọ Nigeria sí. Abẹ́ African American ni wọ́n ń ka àwọn ọmọ wa sí, pẹ̀lú gbogbo ọmọ dúdú yòókù. Bí ẹ bá ṣí èsì iléèwé méjèèjì, ìlà yẹn ni kí ẹ wò kí ẹ tó wo ti gbogbo ọmọ. Mo ti rí iléèwé A tí ìlà àwọn ọmọ dúdú inú ẹ̀ kò dára tó ti iléèwé C tó wà nítòsí ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù èdè ilé tún wà, èyí tí ẹ kọ nígbà tí ẹ mú Ìdòwú wọlé. Àwọn kan nínú wa máa ń kọ English síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé láti àárọ̀ dalẹ́, torí wọ́n ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà fi ọmọ sí kíláàsì àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ òtítọ́. Wọ́n á dán ọmọ náà wò. Bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá tó, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí kò bá tó, wọ́n á pè é ní emergent bilingual, ìyẹn ọmọ tó ṣì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, á rí ìrànlọ́wọ́ gbà, á sì máa ṣe TELPAS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, lọ́dọọdún títí yóò fi kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Ìlọsíwájú rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tí wọ́n ń kà nínú Closing the Gaps.

Fọ́ọ̀mù owó tó ń wọlé nílé nìkejì. Ní iléèwé tí gbogbo ọmọ ti ń jẹun ọ̀fẹ́, ọ̀pọ̀ òbí wa kì í kọ ọ́, torí kò wù wọ́n kí ẹnikẹ́ni mọ iye tó ń wọlé fún wọn. Mo mọ̀ pé ìtìjú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ń mọ iye ọmọ tí owó ilé wọn kò tó, òun ni wọ́n sì fi ń yan àwọn iléèwé tí wọ́n máa fi tiyín wé nínú Relative Performance. Owó àfikún tí ìjọba ń fún iléèwé náà tún ń tẹ̀ lé e. Bí ìdajì òbí kò bá kọ ọ́, iléèwé tálákà á dà bí iléèwé olówó, wọ́n á fi í wé àwọn tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀, á sì jábọ́.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ sí txschools.gov, ẹ tẹ orúkọ iléèwé yín. Ẹ kọ Academic Growth ti 2024 àti ti 2025 sílẹ̀, ẹ kọ ti iléèwé A náà. Bí tiyín bá wà lábẹ́ 70 lọ́dún méjèèjì, tí ti ìkejì sì lé ní 80, ọ̀rẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì jàre. Kí ẹ tó wá ilé nígbà náà, ẹ bi ISD yín bóyá wọ́n ń gba ọmọ láti àdúgbò kan sí iléèwé àdúgbò mìíràn. Ọ̀pọ̀ ISD ní ètò bẹ́ẹ̀, kò sì ní ná yín ní dọ́là 5,400 tí àfikún owó ilé yẹn máa jẹ́ lọ́dún. Bí Growth tiyín bá wà ní 80 sókè, ẹ jókòó, ẹ fi owó yẹn tọ́jú àwọn ọmọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè àyè láti rí olùkọ́ ìṣirò Táíwò. Ẹ bi í bóyá ìsàlẹ̀ Did Not Meet ló wà tàbí òkè rẹ̀. Olùkọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn láìlọ bi ẹlòmíràn. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ẹ̀kọ́ àfikún Táíwò, pé ọmọ mélòó ló wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni, ẹ kì í ṣagbe: òfin Texas, House Bill 1416 ti 2023, sọ pé ọmọ tí kò yege STAAR gbọ́dọ̀ rí ẹ̀kọ́ àfikún gbà, wákàtí 15 ó kéré tán fún ìṣirò yẹn, kí ẹgbẹ́ náà má sì ju ọmọ mẹ́rin lọ lábẹ́ olùkọ́ kan, àyàfi bí òbí bá gbà pé kó ju bẹ́ẹ̀, tàbí bí wọ́n bá ń lo ètò kọ̀ǹpútà tí TEA fọwọ́ sí. Bí wọ́n bá ní kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ ọ, ẹ béèrè ẹni tó ń jókòó tì í. Kí Bàbá Ìbejì bá yín lọ. Mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ máa ń yá tí òbí méjèèjì bá jókòó síwájú olùkọ́.

Ohun mìíràn tún ni pé STAAR fúnra rẹ̀ ń lọ. Òfin tuntun, House Bill 8, tí gómìnà fọwọ́ sí ní September 2025, fi ìdánwò kékeré mẹ́ta rọ́pò rẹ̀: ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan ní ìparí, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún ẹ̀kọ́ 2027 sí 2028. Kíláàsì kẹfà ni àwọn ìbejì yín á wà nígbà yẹn, ní iléèwé mìíràn tó ní lẹ́tà tirẹ̀. Ẹ rí i pé ilé tí ẹ bá kó lọ nítorí lẹ́tà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì péré ló máa wúlò fún àwọn méjèèjì. Ìdòwú nìkan ló máa jẹ ẹ́ pẹ́.

Bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà Academic Growth iléèwé méjèèjì àti ìlà African American wọn, ẹ kọ wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Màá bá yín wò wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé kankan.